Bọ́kẹ́ẹ̀tì Kílórìn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sílé

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́.

Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti rí lẹ́tà rẹ gbẹ̀yìn, mo sì ti ń bi ara mi pé ṣé bírò ló wọ́n níbi tó o wà ni, àbí ọ̀rọ̀ mi ti sú ọ. Mo mọ̀ pé àwa méjèèjì la jọ fẹnu kò pé lẹ́tà la ó máa kọ síra wa, torí tá a bá bọ́ sórí fóònù, ká tó kíra tán ni ìjà ti dé. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà ò ní kó o má kọ ọ́.

Ọmọ rẹ ń ṣe dáadáa. Orúkọ tí mo fún un ti mọ́ gbogbo ilé àlejò lẹ́nu, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan míì ju Pẹ́pẹ́yẹ lọ. Tó bá ti tiléèwé dé, kò ní jẹun, kò ní bọ́ bàtà, ọ̀dọ̀ mi létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ló ń bọ̀ tààrà. Ó ti lè lúwẹ̀ẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì láìdúró. Lánàá, ó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí èmi tí mò ń tọ́jú omi ò fi lè lúwẹ̀ẹ́. Mo ní kó lọ bọ́ bàtà.

Wọ́n ti tún ẹ̀rọ iyọ̀ ṣe. Láti ìparí ọdún ló ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń sọ iyọ̀ inú omi di kílórìn bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Máníjà ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún bọ́kẹ́ẹ̀tì hóró kílórìn tó o fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ náà dákẹ́. Gbogbo àlejò tó bá dúró bá mi sọ̀rọ̀ ni mò ń sọ fún pé ọmọ mi tó ń tọ́jú adágún fáwọn èèyàn lókè òkun ló fi ránṣẹ́. Àwọn míì ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Omi náà ti ń ṣú díẹ̀. Kò dọ̀tí o, ìsàlẹ̀ ń hàn, ṣùgbọ́n kò dán mọ́. Ara ògiri níbi tí oòrùn kì í dé sì ń yọ̀ tí mo bá fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ bébà ìdánwò ní kílórìn wà, ó ń pọ́n bó ṣe yẹ kó pọ́n. Àwọn àlejò kan ní omi náà ń ta àwọn lójú. Jọ̀wọ́ bá mi fi oògùn tó ń mú omi dán ránṣẹ́. Iléèwé kan ti gba adágún náà fáwọn ọmọ wọn ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, mi ò fẹ́ kójú tì mí.

Pẹ́pẹ́yẹ ń ha etí ọ̀tún. Mo ti fi òwú nù ún. Ó ní kí n kí ọ.

Èmi ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yìn mi ti sàn, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Àwọn oníbàárà mi ti pọ̀ sí i, adágún dé adágún ni mò ń lọ látàárọ̀, tí mo bá sì délé, ó máa ń rẹ̀ mí débi pé bírò á bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yín ò lè sú mi, ẹ̀yin náà mọ̀.

Mo ka lẹ́tà yín, mo tún un kà, ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó sọ nǹkan míì. Látìgbà tí ẹ̀rọ iyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹ ṣì ń ju hóró tí mo fi ránṣẹ́ sómi?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé hóró yẹn kì í ṣe kílórìn nìkan. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tá à ń pè ní sitabiláísà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó ṣíji bo kílórìn kí oòrùn má baà pa á rẹ́. Ìwọ̀nba rẹ̀ dáa, kódà adágún tó wà níta gbangba ò lè ṣe kó má ní in, torí oòrùn ọ̀sán kan ṣoṣo ti tó láti kó gbogbo kílórìn lọ. Ṣùgbọ́n kílórìn máa ń tán, sitabiláísà kì í tán. Oòrùn ò lè mú un, asẹ́ ò lè mú un. Gbogbo hóró tó bá yọ́ sómi ló ń fi tiẹ̀ lé èyí tó wà níbẹ̀. Tó bá wá pọ̀ jù, ṣe ló máa ń di kílórìn mú. Bébà á sọ fún yín pé kílórìn wà, òótọ́ sì ni, ó wà, ṣùgbọ́n agbára àtipa kòkòrò ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó dà bí ọlọ́dẹ tí wọ́n dè lọ́wọ́ sẹ́nu géètì.

Ẹ̀rọ iyọ̀ ní tiẹ̀ ń ṣe kílórìn nìkan, kì í fi sitabiláísà kún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá ti jí, kẹ́ ẹ gbé hóró tì.

Nítorí náà, oògùn tó ń mú omi dán kọ́ ló kàn. Ẹ wo àpótí ìdánwò tó bá bọ́kẹ́ẹ̀tì wá. Páìpù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ní àmì dúdú nísàlẹ̀. Ẹ po omi adágún pọ̀ mọ́ oògùn inú ìgò tó wà níbẹ̀, á funfun bí omi ọṣẹ. Ẹ wá máa dà á sínú páìpù náà díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo àmì dúdú yẹn látòkè. Ibi tómi bá dé tí àmì náà ò hàn mọ́, ẹ ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Tó bá tètè pòórá, sitabiláísà ti pọ̀ jù nìyẹn, kò sì sí oògùn kankan fún un ju pé kẹ́ ẹ da apá kan omi náà nù, kẹ́ ẹ fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Títí tẹ́ ẹ máa fi mọ nọ́ńbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Pẹ́pẹ́yẹ wọnú omi. Ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo etí yẹn. Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ,

Mo kí ọ. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà.

Mo kà á délẹ̀, mo wá ń wò ó pé ṣé ọmọ tí mo bí ló kọ ọ́ àbí ọlọ́pàá. Ìwọ tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kó ewé lójú omi, nígbà tí igi àwọ̀n náà ṣì gùn jù ọ́ lọ, ìwọ lo wá ń kọ́ mi níṣẹ́ lónìí. Ó dáa. A dúpẹ́ pé iṣẹ́ náà yé ọ.

O ní kí n da omi nù. Ta ni yóò gbà bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ omi ò sun láti oṣù tó kọjá, ọkọ̀ ló ń gbé omi wá fún wa. Tí mo bá lọ bá Máníjà pé kí á da ìdajì adágún sí gọ́tà, nígbà tí iléèwé ń bọ̀ ní ìparí oṣù, á bi mí bóyá orí mi pé. Kí ni màá ní ó fà á? Pé ìsàlẹ̀ omi ń hàn, kílórìn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi tó wà lókè òkun ní kò ṣiṣẹ́? Ìwọ lo wà lọ́nà jíjìn, èmi ni mo wà létí omi.

Mo ní kí Pẹ́pẹ́yẹ má wọnú omi bó o ṣe wí. Ó sunkún títí ó fi kọ oúnjẹ. Nígbà tó yá, mo gbà fún un. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí ìyá rẹ̀ ò sí nítòsí, tó jẹ́ pé omi yẹn ni gbogbo ayọ̀ rẹ̀, mi ò lè máa fi gbogbo nǹkan dù ú. Nọ́ọ̀sì ti wo etí náà, ó fún un ní oògùn tí à ń kán sí i. Ó ṣì ń dùn ún tí a bá fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n á lọ.

Àpótí ìdánwò tó o sọ, mi ò mọ ibi tí mo gbé e sí. Màá wá a.

Èmi ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ẹ má bínú tí ìkíni mi bá kúrú.

Ìbéèrè kan ni mo bi yín. Ẹ kọ odindi lẹ́tà, ẹ ò dáhùn rẹ̀. Ṣé ẹ ṣì ń lo hóró? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo pè yín láàárọ̀, mo tún pè yín nírọ̀lẹ́, fóònù ń dún, ẹ ò gbé e. Mo mọ̀ yín. Tó bá ṣe pé ẹ mọ̀ pé ẹ jàre ni, ẹ ò ní jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò kọ́ yín níṣẹ́. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ́ mi ni mo fi ń jẹun níbí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi ṣe é, kílórìn oníyẹ̀fun lẹ lò, lẹ́yìn rẹ̀ ló kan ẹ̀rọ iyọ̀. Hóró yìí ò dé ọwọ́ yín rí àfìgbà tí mo fi ránṣẹ́. Èmi ni mo gbé e wọlé tọ̀ yín wá, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ilé kan wà tí mò ń lọ níbí. Omi wọn mọ́ débi pé tí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sísàlẹ̀, ẹ máa rí i. Baálé ilé náà ń ju hóró sínú rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́. Etí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fara gbá a, ọmọ náà pẹ́ lórí ibùsùn. Ohun tí mo fojú mi rí ni mò ń sọ.

Ẹ ní omi ni ayọ̀ ọmọ náà. Mo mọ̀, èmi ni mo bí i. Èmi ni mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó ń sunkún, tí mi ò wẹ̀yìn, torí pé mo mọ ẹni tí mo fi í lé lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun míì. Tí mi ò bá gbọ́ látọ̀dọ̀ yín, màá kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pé kó wá mú un. Mi ò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Màámi, ẹ má jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ ò gbé fóònù, ẹ ò kọ̀wé. Mi ò tíì kọ̀wé sẹ́nì kankan. Ìbínú ni mo fi kọ lẹ́tà tó kọjá, ẹ foríjì mí.

Ẹ fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀, ẹ má dáhùn rẹ̀ mọ́. Ẹ kàn sọ bí etí ọmọ mi ṣe wà fún mi. Mi ò lè ṣiṣẹ́. Létí omi onílé ni mo máa ń dúró sí, tí màá gbàgbé ohun tí mo wá ṣe.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí ọ. Orí àga kan níwájú yàrá àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí. Ó wà láàyè. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ó wà láàyè, ó ń sùn.

Lọ́jọ́ Ajé ni ara rẹ̀ gbóná kọjá ààlà, ọyún sì ń jáde létí ọ̀tún. Ó ń pariwo tí a bá gbé orí rẹ̀. Mo gbé e pọ̀n bó ṣe gùn tó yẹn. Dókítà wò ó, ó bi mí bóyá ọmọ náà máa ń lúwẹ̀ẹ́. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo fi mọ ibi tó ń lọ.

Nígbà tí wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́ tó sùn, mo padà sílé àlejò, mo gbé àpótí ìdánwò jáde. Mo ti mọ ibi tó wà látilẹ̀. Mo po omi náà, mo dà á sínú páìpù. Kó tó dé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni àmì dúdú ti pòórá. Mo bu omi mímu là á ní ìdajì sí ìdajì, mo tún un ṣe, ó tún pòórá.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń lò ó. Mo sì ń lò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó o fi bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́, o pè mí lórí fóònù, o ní, "Màámi, èyí á pẹ́ lọ́wọ́ yín. Tó bá tán, èmi fúnra mi ni màá gbé òmíràn wá." O sọ ọ́, o rẹ́rìn-ín, o bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Èmi ò kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe, mo ṣí ìdérí, hóró náà ṣì ju ìdajì lọ. Mo wò ó pé tí mo bá gbé e tì, kò ní tán láé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju méjì síbi tí ọ̀kan pọ̀ jù sí, nígbà tó yá, mẹ́ta. Tí mo bá rí i pé ó ti lọ sílẹ̀, inú mi á dùn. Pẹ́pẹ́yẹ mọ̀. Òun ló máa ń bá mi yọjú wo inú rẹ̀, á ní, "Màmá, ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé." Nígbà tó o wá ń bi mí, ojú tì mí láti kọ ìyẹn sórí ìwé.

Mo lọ sí yàrá ẹ̀rọ, mo ṣí páìpù tó ń da omi nù, mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ọjọ́ kejì ni iléèwé ń bọ̀. Máníjà gbọ́ ìró omi nínú gọ́tà, ó sáré dé.

Ó ní, "Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Mo ní, "Mò ń da omi nù."

"Pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lọ́la? Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ fún mi báyìí?"

Mo ní mo mọ̀. Mo ní, "Omi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ló gbé ọmọ-ọmọ mi dé ilé ìwòsàn. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mi ò ní dúró kí ọmọ ẹlòmíì wọnú rẹ̀."

Ó na ọwọ́, ó ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ wá. Mo ní màá kó o fún un tómi bá ti dé ìdajì. Ó dúró, èmi náà dúró. Nígbà tó dé ìdajì, mo tì í, mo kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, mo gba ilé ìwòsàn lọ.

Dókítà ní òun ò tíì lè sọ bí etí náà ṣe máa rí. Ẹ̀rù ń bà mí. Kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó o bá fẹ́, mi ò ní bá ọ jà.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin

Màámi,

Ẹ kú ìdúró ti ọmọ. Ẹ bá mi fọwọ́ pa á lórí.

Mo ka lẹ́tà yín lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé. Mo pè yín lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ ti pa fóònù.

Mi ò ní parọ́ fún yín, inú bí mi. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sọ̀rọ̀ sí yín bíi pé ẹ wà níwájú mi, mo sọ ohun tí ọmọ kì í sọ síyàá rẹ̀, títí alábàágbé mi fi wá kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sunkún.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ní mo sọ lórí fóònù, Màámi, mi ò rántí pé mo sọ ọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ẹ̀yin àti ọmọ mi ń yọjú wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, èmi ò tiẹ̀ rántí. Ìwé tó máa jẹ́ kí n lè máa lọ máa bọ̀ ò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Tí mo bá jáde báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo pè yín. Ó ní láti jẹ́ pé mo kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa parí síbi tó dùn. Mi ò pè é ní irọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Mi ò kọ̀wé sẹ́nì kankan, mi ò sì ní kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni Pẹ́pẹ́yẹ máa wà. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ má fi nǹkan pa mọ́ fún mi mọ́, bó ti wù kó burú tó. Èmi náà ò tún ní sọ pé mò ń bọ̀, àfọjọ́ tí ìwé ọkọ̀ òfuurufú bá wà lọ́wọ́ mi.

Kí ni dókítà sọ? Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Ọmọ yín


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

O ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

A ti délé. Ibà ti lọ, ó ń jẹun, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jiyàn, mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Wọ́n ti gba ọkùnrin kan síṣẹ́ mi nílé àlejò. Mo lọ bá a lẹ́nu géètì, mo ní kó má ju hóró kankan sómi, kó kọ́kọ́ wo àmì dúdú. Ó kọ́kọ́ ń bá mi ṣàwàdà, nígbà tó rí ojú mi, ó gbé àpótí jáde, a jọ dán an wò. Wọ́n ti da ìdajì omi náà nù lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ńbà rẹ̀ ti wá sílẹ̀ síbi tó dáa fún omi oníyọ̀. Kò sí ọmọ kankan tó wọ èyí tó burú yẹn lẹ́yìn Pẹ́pẹ́yẹ.

Awọ inú etí ọ̀tún ti lu. Dókítà ní ó lè dí bó ṣe ń dàgbà, ó sì lè má dí, òun ò ní ṣèlérí. Wọ́n dí etí òsì, wọ́n gbé aago kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀tún níṣojú mi. Aago ń dún, òun ń wo ẹnu mi, ó ń retí pé kí n sọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti wá. Mo kọ ọ́ síbí kó o lè rí i pé èmi ni mo kọ ọ́.

Ó bi mí bóyá o máa bínú sí òun pé òun wọnú omi. Mo ní kó bi ọ́ fúnra rẹ̀. Mo ti tan fóònù, màá gbé e tó o bá pè, ìjà tó bá fẹ́ dé kó dé. Pè é lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Tí kò bá dá ọ lóhùn nígbà tó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, má rò pé ó ń bá ọ ṣọ̀tá. Ọwọ́ ọ̀tún ló ṣì fi máa ń gbé fóònù. Ní sùúrù, tún orúkọ rẹ̀ pè, á rántí gbé e sí òsì.

Ìyá rẹ